Kí ló dé tí ère Harriet Tubman ní Harlem fi kọjú sí gúúsù?

ÌBÉÈRÈ

Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní New York, a sì jọ rìn dé Harlem. Ní ìkóríta tí òpópónà St. Nicholas ti pàdé Frederick Douglass Boulevard, mo rí ère idẹ ńlá kan tí wọ́n sọ fún mi pé Harriet Tubman ni, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó ń kó àwọn ẹrú sá kúrò lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un. Gbogbo ìwé tí mo kà ló sọ pé àríwá ló ń kó wọn lọ, nítorí ibẹ̀ ni òmìnira wà. Ṣùgbọ́n gúúsù ni ère yìí kọjú sí, àfi bí ẹni tí ó ń dá wọn padà fún olówó wọn. Ṣé oníṣẹ́ ọnà náà ni kò mọ ohun tí ó ń ṣe, àbí àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ ló fi í sí òdì? Mo tún fẹ́ kí ẹ sọ èyí fún mi: kí ni ère ń ṣe fún obìnrin tí ìjọba kò fẹ́ fún ní owó tí ó tọ́ sí i nígbà tí ó wà láàyè? Ṣé kí wọ́n kó owó idẹ yẹn fún àwọn ọmọ ọmọ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ kò sàn jù ni?

* * *

ÌDÁHÙN

Ẹni tí ó ṣe é mọ̀ ọ́n ṣe. Alison Saar ni orúkọ rẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú ni òun náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì yan gúúsù. Nígbà tí wọ́n ṣí ère náà ní ọdún 2008, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yìí gan-an ni àwọn ará Harlem kan sọ. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n sì ń gba ìbuwọ́lù àwọn ará àdúgbò kiri pé kí ìjọba ìlú yí i padà kí ó lè kọjú sí àríwá. Èsì Saar ni pé kì í ṣe ìgbà tí Tubman ń sá lọ ni òun fẹ́ fi hàn, bí kò ṣe ìgbà tí ó ń padà lọ mú àwọn tí ó kù. Ibi tí ó kọjú sí ní ọjọ́ náà ló kọjú sí títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ọdún 1849 ni ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ ní Maryland, ní apá gúúsù, ó sì dé Philadelphia ní àríwá láìséwu. Ọ̀pọ̀ ẹrú ló sá bẹ́ẹ̀ lásìkò náà, tí wọ́n dé ilẹ̀ òmìnira, tí wọ́n ríṣẹ́ ṣe, tí wọ́n bímọ, tí a kò sì mọ orúkọ wọn mọ́. Bí Tubman bá jókòó sí Philadelphia, a kì bá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó padà. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó padà sí Maryland ní nǹkan bí ìgbà 13, ó sì kó èèyàn bí 70 jáde, nínú èyí tí àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wà. Àwọn ìwé àtijọ́ máa ń sọ pé èèyàn 300 ni, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn tí ó tú àkọsílẹ̀ wò fínnífínní ti bu iye náà kù, kò sì bu ọlá rẹ̀ kù. Lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kẹfà ọdún 1863 tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ó bá àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ wọ odò Combahee ní South Carolina, àwọn ẹrú tí ó lé ní 700 sì gba òmìnira níbẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n, gúúsù ló ti ṣe é.

Mi ò pe àwọn tí ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ní òpè o. Púpọ̀ nínú àwọn ará Harlem, gúúsù ni àwọn òbí wọn àgbà ti ṣí wá, níbi tí àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun ti ń so èèyàn dúdú rọ̀ sórí igi láìsí ẹjọ́, tí kò sì sí ẹni tí ó mú wọn. Ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà sá kúrò níbẹ̀ lóru ní ìdí láti bínú bí ó bá rí i tí ère ìyá rẹ̀ ń dorí kọ ibẹ̀. Ìbínú wọn tọ́. Ohun tí wọ́n béèrè fún ni mi ò fara mọ́.

* * *

Ẹnìkan kọ sábẹ́ èsì mi pé yẹ̀rì ère náà dà bí aṣọ eégún, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tí ń tàbùkù rẹ̀. Mi ò rí àbùkù kankan níbẹ̀. Yẹ̀rì yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Saar tẹ ojú àwọn èèyàn sára rẹ̀ yíká, ojú àwọn asálà tí a kò mọ orúkọ wọn, tí obìnrin náà kó kọjá. Nígbà tí ó ń ṣe díẹ̀ nínú àwọn ojú wọ̀nyí, àwọn ìbòjú kéékèèké tí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan máa ń mú dání lọ sí ìrìn àjò ló ń wò. Lẹ́yìn rẹ̀, gbòǹgbò igi ló ń wọ́ tẹ̀ lé e nílẹ̀, gbòǹgbò tí ó ti fà tu tí kò sì dúró jáwọ́ nínú rẹ̀. Iwájú yẹ̀rì náà wá ta síta bí irin tí ó máa ń wà níwájú ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, èyí tí ń ti màlúù àti igi wíwó kúrò lójú ọ̀nà.

Ìdí tí ọkọ̀ ojú irin fi wọ̀ ọ́ ni pé orúkọ tí wọ́n fún ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí àwọn ẹrú ń gbà sá ni Underground Railroad, èyí tí ó túmọ̀ sí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Kò sí irin kankan nílẹ̀, kò sí ọkọ̀. Àwọn èèyàn ni, àwọn ilé tí wọ́n ń fi asálà pamọ́ sí, ọkọ̀ ẹrù tí ó ní ìsàlẹ̀ ìkọ̀kọ̀, àti orin tí wọ́n fi ń ṣe àmì. Tubman ni wọ́n máa ń pè ní awakọ̀ níbẹ̀. Saar ní òun kò fẹ́ ṣe é bí awakọ̀, òun fẹ́ ṣe é bí ọkọ̀ náà gan-an, kí àwọn èrò sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kàn dúró lọ́ọ̀ọ́kán tí ó ń wo ibi tí imú ère kọjú sí kò tíì rí ère náà.

* * *

Ọ̀rọ̀ tí mo rí jù nínú èsì àwọn èèyàn ni pé ère irú obìnrin báyìí gbọ́dọ̀ fi agbára hàn: kí ó ga, kí iṣan ọrùn rẹ̀ ta, kí ó di ẹ̀ṣẹ́ sókè. Ibí yìí ni èmi àti ọ̀pọ̀ nínú yín yóò ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ̀.

Tubman kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, alábòójútó kan ju irin ìwọ̀n lu ẹrú mìíràn tí ó ń sá, irin náà sì bá òun lórí. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú ní ọdún 1913, oorun lè gbé e lọ lójijì. Ó lè wà láàárín ọ̀rọ̀ kí ojú rẹ̀ pa dé, kí ó sì jí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ kí ó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Obìnrin tí ó ní irú àrùn yìí lára ni ó ń rin inú igbó àti àbàtà lóru, tí àwọn tí ó ń wá ẹrú sì wà lẹ́yìn wọn. Ère tí ó ga fíofío, tí ó lágbára bí ìròkò, tí kò mọ àárẹ̀, gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀ ni, nítorí òmìrán kò nílò ìgboyà kí ó tó wọ igbó.

Lẹ́tà kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo oríyìn tí wọ́n kọ fún un lọ. Thomas Garrett, oníṣòwò irin kan ní Wilmington tí ó máa ń gba àwọn asálà sílé, ló kọ ọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1854. Ó ní òun ti rán Harriet Tubman lọ síwájú pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́fà àti obìnrin kan, pé bàtà Harriet àti ti ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ti jẹ tán lẹ́sẹ̀ wọn, òun sì ti fún wọn ní dọ́là méjì kí wọ́n fi wá bàtà. Gbogbo ohun tí ó yẹ kí oníṣẹ́ ère mọ̀ wà nínú lẹ́tà kúkúrú yìí: àtẹ́lẹsẹ̀, òtútù oṣù Kejìlá, àwọn méje tí ó ń tẹ̀ lé e, àti ẹni tí ó fún wọn lówó. Fern Cunningham rí èyí ní Boston, nígbà tí ó ṣe ère Tubman tirẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní South End ní ọdún 1999, ère àkọ́kọ́ tí wọ́n fi bọlá fún obìnrin lórí ilẹ̀ ìjọba ìlú Boston. Kò dá Tubman dúró. Àwọn èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń bá a rìn.

Ère ni mo fi ń jẹun, fáíbà àti símẹ́ńtì lọ́pọ̀ ìgbà, idẹ nígbà tí owó bá wà. Ìgbìmọ̀ kan gbé iṣẹ́ wá fún mi nígbà kan, pé kí n ṣe ère ìyálọ́jà wọn tí ó ti di olóògbé, obìnrin tí ó kó àwọn ọlọ́jà jáde nígbà tí wọ́n gbé owó tíkẹ́ẹ̀tì gọbọi lé wọn lórí. Mo kọ́kọ́ fi amọ̀ ṣe é kékeré kí wọ́n lè wò ó. Mo ṣán ìró mọ́ ọn nídìí gírígírí, mo fi kóńgò tí ó fi ń wọn gààrí há a lábíyá, mo sì fi obìnrin mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀ tí a rí wọn dé ìbàdí. Ìgbìmọ̀ ní kí n yọ kóńgò kí n fi báàgì rọ́pò rẹ̀, kí n wé gèlè tí ó dúró fún un, kí n sì fi iyùn sí i lọ́rùn. Nígbà tí ó kan àwọn mẹ́ta ẹ̀yìn, alága wò mí, ó ní: “Àwọn wo nìyí? Ta ló sanwó tiwọn?” Wọ́n gé wọn kúrò. Ère náà wà lójú ọjà di ìsinsìnyí, ó gún régé, ó sì dà bí ìyá ìyàwó tí ó ń dúró de ayàwòrán. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ kò ní mọ̀ láéláé pé obìnrin yìí bá ẹnikẹ́ni jà.

* * *

Wọ́n béèrè bóyá ó yẹ kí aláwọ̀ funfun máa ṣe ère àwọn obìnrin dúdú. Ìjà tí ó gbóná jù lórí èyí, Philadelphia ni wọ́n ti jà á.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ère Tubman kan tí Wesley Wofford ṣe, èyí tí wọ́n ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú, dúró fún ìgbà díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ìjọba ìlú náà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ni ìjọba ìlú bá fẹ́ fún un ní iṣẹ́ ère mìíràn tí yóò dúró síbẹ̀ títí láé, owó rẹ̀ sì tó 500,000 dọ́là. Aláwọ̀ funfun ni Wofford. Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé gbogbogbòò, àwọn oníṣẹ́ ọnà aláwọ̀ dúdú, pàápàá àwọn obìnrin, dìde, wọ́n sì fi ìbínú béèrè ìdí tí wọn kò fi pe àwọn náà wá díje. Ìjọba yí ohùn padà, wọ́n ṣí ìdíje sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ní ọdún 2023 wọ́n sì yan Alvin Pettit, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú.

Àwọn kan nínú yín ní aláwọ̀ funfun kò lè mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn Tubman. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ ni à ń wò, a kì í wo àwọ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjèèjì ló fi ẹjọ́ gidi sílẹ̀. Ẹjọ́ gidi ni pé wọ́n fẹ́ gbé ìdajì mílíọ̀nù dọ́là fún ẹnìkan láìpe ẹlòmíràn, lórúkọ obìnrin tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ bá irú yíyọ èèyàn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jà. Iṣẹ́ Wofford dára. Mo rí àwòrán rẹ̀, mo sì mọ ohun tí ó ná an láti mú kí aṣọ idẹ fẹ́ lẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló borí ìdíje tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ẹnu mi ì bá wọlé.

Ti Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún yàtọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2020, àwọn olùfẹ̀hónúhàn wó ère Edward Colston tí ó fi òwò ẹrú lówó, wọ́n sì tì í sínú omi èbúté. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Jen Reid, gun orí òpó tí ó ṣófo náà, ó sì di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sókè. Marc Quinn, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ère tí ó jẹ́ aláwọ̀ funfun, rí fọ́tò rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ wọn ara obìnrin náà, ó ṣe é ní ère dúdú, ó sì lọ gbé e sórí òpó náà ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ 15 oṣù Keje láìgba àṣẹ. Ní ọjọ́ kejì, ìjọba ìlú ti gbé e kúrò. Jen Reid fara mọ́ ọn, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère ara rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Thomas J Price, oníṣẹ́ ère aláwọ̀ dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹnu àtẹ́ lu Quinn. Èmi wà lẹ́yìn Price lórí èyí, nítorí ìròyìn tí ó tàn kálẹ̀ ní ọjọ́ náà, orúkọ Quinn ló ṣíwájú nínú rẹ̀.

* * *

Ẹ béèrè bóyá dandan ni kí ère jọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Kò pọn dandan, ṣùgbọ́n ó léwu.

Ní Chicago, Ida B. Wells, akọ̀ròyìn tí ó tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń so àwọn èèyàn dúdú rọ̀, ní ohun ìrántí kan láti ọdún 2021, ní àdúgbò Bronzeville níbi tí àwọn ilé ìjọba tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wà kí wọ́n tó wó wọn. Richard Hunt ló ṣe é. Òpó mẹ́ta ló gbé idẹ tí ó lọ́ wọ́n-ín wọ́n-ín bí ọwọ́ iná dúró. Kò sí ojú, kò sí apá, kò sí ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ Wells fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ ohun ìrántí náà, nípa pé ìmọ́lẹ̀ òtítọ́ ni kí á tàn sí ohun tí ó wọ́. Hunt jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, mo júbà rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àwòrán tí mo rí, mo ń wá obìnrin náà, mi ò rí i. Ìlú tí ó kún fún ère ọkùnrin tí ó ní ojú, imú àti ẹṣin kò yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdììtú ṣe ère nígbà tí ó kan obìnrin dúdú.

Newark ní New Jersey ló mú un dọ́gba. Wọ́n gbé ère Columbus kúrò ní ọdún 2020, wọ́n sì ṣí ti Tubman síbẹ̀ ní ọdún 2023. Nina Cooke John, ayàwòrán ilé, ló ṣe é. Ó fi irin ya ìrísí Tubman sókè gogoro láìfi ẹran sí i, ṣùgbọ́n ó gbé ojú rẹ̀ sísàlẹ̀ sára ògiri, ó tóbi, ó sì sún mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ìlú àti ìtàn ìgbésí ayé tiwọn wà lára ògiri náà pẹ̀lú. Níhìn-ín, kò sí alága tí ó béèrè pé ta ló sanwó tiwọn.

* * *

Mo ń bọ̀ wá sí ìbéèrè kejì, ti owó, èyí tí gbogbo wa ti ń fò dá.

Òótọ́ ni pé ìjọba Amẹ́ríkà fi ìyà owó jẹ Tubman. Ó ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ṣe amí, ó mú àwọn ọmọ ogun lọ sójú ogun, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kọ̀wé kí wọ́n tó fún un ní nǹkan. Dọ́là 8 lóṣù ló kọ́kọ́ ń gbà gẹ́gẹ́ bí opó ọmọ ogun, kì í sì í ṣe nítorí iṣẹ́ tirẹ̀. Ọdún 1899 ni wọ́n tó sọ ọ́ di dọ́là 20. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, ìjọba náà kan náà kéde pé àwọn yóò tẹ ojú rẹ̀ sára owó dọ́là 20. Owó náà kò tíì jáde.

Kí a má ṣe rẹ́rìn-ín wọn jù. Ní ọdún 2012, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa fẹ́ tẹ náírà 5,000, wọ́n sì ní àwòrán obìnrin mẹ́ta tí ó jà fún ẹ̀tọ́ ni yóò wà lára rẹ̀: Margaret Ekpo, Gambo Sawaba àti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. A mọ Beere, bí wọ́n ṣe ń pe Ransome-Kuti. A mọ bí ó ṣe kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jáde lórí owó orí, tí wọ́n sun ìta ààfin, tí wọ́n ń fi orin bú ọba, títí tí Aláké fi gbé orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Àwọn èèyàn kọ owó náà nítorí wọ́n bẹ̀rù pé yóò sọ ọjà di ọ̀wọ́n, wọ́n sì lè jàre; ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá a dúró, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí wọ́n gbé àwòrán àwọn ìyá wọ̀nyí lọ sórí owó mìíràn. Ladi Kwali, amọ̀kòkò, ló wà lẹ́yìn náírà 20 láti ọdún 2007.

Nítorí náà, ẹni tí ó ní kí wọ́n pín owó idẹ fún àwọn alààyè, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fagi lé ère kan tí wọ́n sì gbé owó rẹ̀ fún opó. Bí ọ̀wọ́n bá jẹ́ ẹ̀dùn yín, ẹ wo Elizabeth Catlett. Wọ́n bí i ní Washington ní ọdún 1915. Ó lọ sí Mexico ní 1946 pẹ̀lú owó ẹ̀bùn ìwádìí, ó sì bá àwọn oníṣẹ́ ọnà kan ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé wọn tí ó wà fún gbogbo mẹ̀kúnnù. Ibẹ̀ ló ti ṣe àwòrán 15 lórí ìgbé ayé obìnrin dúdú, tí ó fi ọ̀bẹ fín sára línò, ohun pẹlẹbẹ kan tí ó rọrùn láti fín, tí ó kun yíǹkì, tí ó sì tẹ̀ sórí bébà. Ẹ̀dà kan kì í náni ju bébà àti yíǹkì lọ. Tubman wà nínú wọn: apá rẹ̀ kan nà síwájú, apá náà gùn, ó ń tọ́ka ọ̀nà, àwọn èrò sì ń lọ lẹ́yìn rẹ̀. Sojourner Truth, ẹrú tẹ́lẹ̀ rí tí ó ń sọ̀rọ̀ tako òwò ẹrú, wà níbẹ̀, Phillis Wheatley, akéwì, wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àárín àwọn obìnrin tí a kò mọ orúkọ wọn ni Catlett tò wọ́n sí: ẹni tí ń ro oko, ẹni tí ń nu ilẹ̀ ilé onílé, ẹni tí ń kó òṣìṣẹ́ jọ sínú ẹgbẹ́. Nígbà tí ó gba ìwé ọmọ ìlú Mexico ní 1962, Amẹ́ríkà kà á sí àlejò tí wọn kò fẹ́; àṣẹ pàtàkì ló gbà kí ó tó lè wọlé wá wo ìpàtẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ ní Harlem ní 1971. Bébà náà kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó wọlé.

* * *

Ẹni tí ó bi ìbéèrè ti padà wá. Ó ní òun ti gbọ́ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí ère Harlem padà, kí ni yóò bàjẹ́? Ìdáhùn mi ni pé gbòǹgbò ni yóò bàjẹ́. Ilẹ̀ gúúsù ni igi náà ti tu. Bí ẹ bá yí obìnrin náà sí àríwá, àwọn gbòǹgbò yóò wà lẹ́yìn rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn yóò wá sọ ìtàn ẹni tí ó bọ́ lọ tí kò wẹ̀yìn mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ojú tí ó wà lára yẹ̀rì kò ní ní ẹni tí yóò padà wá mú wọn. Kí àwọn tí ó bínú fi òkúta kékeré kan síbẹ̀ tí yóò sọ ìdí tí ó fi kọjú síbẹ̀. Èyí kò ní ná wọn tó nǹkan.

* * *

Ọ̀rọ̀ ohun èlò ló kù, èyí tí ẹnì kan béèrè nítorí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ fẹ́ ṣe ère olórí wọn.

Ẹ má ṣe kánjú gbé ohun tí kò lè dúró. Ní Copenhagen ní ilẹ̀ Denmark, Jeannette Ehlers àti La Vaughn Belle gbé ère Mary Thomas kalẹ̀ ní ọdún 2018. Mary Thomas wà lára àwọn obìnrin tí ó ṣáájú ọ̀tẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ oko ìrèké ní erékùṣù St. Croix ní 1878, nígbà tí ó ṣì wà lábẹ́ Denmark. Ère náà ga ní mítà méje, ó jókòó sórí àga ńlá, ó di ògùṣọ̀ àti àdá ìrèké mú. Ara àwọn oníṣẹ́ ọnà méjèèjì ni wọ́n wọ̀n tí wọ́n sì pa pọ̀ di ara rẹ̀. Owó idẹ kò sí, nítorí náà fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì kùn ún ní dúdú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjì bà á jẹ́, wọ́n sì gbé e kúrò. Iṣẹ́ náà ti tán kọ́, nítorí wọ́n ti ń wá owó láti fi idẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ rí bí ọwọ́ ìjì ṣe yá ju ọwọ́ ìgbìmọ̀ lọ.

Níhìn-ín, fáíbà ni owó ẹgbẹ́ máa ń ká. Kò burú, bí ọ̀pá irin inú rẹ̀ bá nípọn, tí ẹ kò sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kùn ún, nítorí oòrùn yóò bó o kí ọdún mẹ́ta tó pé, ìyá yín yóò sì di alábààwọ́n lójú ọjà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́, ẹni tí yóò máa tún un kùn, àti àpò tí owó rẹ̀ yóò ti máa jáde. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó bá a jà sára ìpìlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láyé. Ní ti iye tí n ó gbà láti ṣe é ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, mi ò lè dá yín lóhùn títí ẹ ó fi sọ bóyá ó máa dá dúró ni, tàbí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí orí kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀.